Ẹ̀wù Tí Kòkòrò Ń Tún Rán

Ìyá Ẹlẹ́kọ ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni, ó kù díẹ̀ kí n ti láàbù. Òjò ti ṣú bo gbogbo Agbowó, iná ti lọ láti ọ̀sán, mo ń to ìgò ẹ̀jẹ̀ sínú fíríìjì kí inverter tó dákẹ́. Wọ́n wọlé, wọn ò jókòó, wọ́n kàn tẹ́ ìwé àyẹ̀wò kan síwájú mi bí ẹni tó gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Olúbàdàn. Ìwé náà kì í ṣe tiwa. Widal ni, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá táífọ́ìdì: 1:160 níwájú O, 1:80 níwájú H, wọ́n sì fi bírò pupa kọ "táífọ́ìdì" sísàlẹ̀, wọ́n fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

"Àǹtí Láàbù, sé o rí i? Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́dún yìí. Mo gba abẹ́rẹ́, mo lo oníhóró, mo mu àgbo. Kí ló dé tí ara mi ò lè pa kòkòrò yìí fúnra ẹ̀? Sebí ara náà ló ń wo ara sàn láyé àtijọ́?"

(Ẹ má bá wọn wí nítorí "sé" àti "sebí" o. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni màmá, Ọjàa'ba ni wọ́n bí wọn sí. Bí ẹ bá ní kí wọ́n pe "ṣ", ẹ óò dúró pẹ́.)

Ìwé náà ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Mo ní, "Mà, ìwé yìí ò rí kòkòrò kankan. Ohun tí ara yín kó jọ de kòkòrò ló rí." Omi tó ń dá lójú ẹ̀jẹ̀ tó ti dì ni a ń lò fún Widal. A ó kán an sórí táìlì funfun, a ó pò ó mọ́ Salmonella, kòkòrò táífọ́ìdì, tí wọ́n ti pa, tí wọ́n ti kùn láwọ̀. Bí ara èèyàn bá ti bá irú kòkòrò náà jà rí, gbogbo rẹ̀ á dì kókó bí ẹ̀kọ tí wọn ò rò dáadáa. Àpèjúwe yìí yé wọn kíá, iṣẹ́ wọn ni. Fernand Widal, dókítà ará Faransé, ló gbé àyẹ̀wò yìí jáde ní 1896. Nílùú tí a ti ń pàdé Salmonella nínú omi àti oúnjẹ láti kékeré bíi tiwa, ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gbé 1:160 kiri (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn bá ṣe ń tóbi sí i ni ohun tí ara kó jọ ń pọ̀ sí i). Ìwé kan ṣoṣo ò tó fi dájọ́. Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀jẹ̀ yín, ká gbìn ín, ká wò ó bóyá nǹkan á hù.

Wọ́n gbà, wọ́n na apá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń so rọ́bà mọ́ wọn lápá, wọ́n tún ní, "O ò tíì dá mi lóhùn. Kí ló dé tí ara ò lè pa á?"

Mo ní n ó ronú sí i. Òótọ́ ni mo ronú sí i, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn ni.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí à ń ṣe ni pé à ń rò pé inú páálí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì nìkan ni oògùn tó ń pa kòkòrò wà. Ara tiwa ń ṣe tirẹ̀. Ó wà nínú òógùn, nínú itọ́, nínú omijé, lójú awọ, nínú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àti nísàlẹ̀ àwọn kòtò wíwẹ́ inú ìfun kékeré, níbi tí oúnjẹ àti kòkòrò ti jọ ń kọjá. Okùn kúkúrú ni wọ́n, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, ámínò ásíìdì kan níí jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan. Pẹ́ptáìdì ni à ń pè wọ́n. Ọ̀kan ń jẹ́ LL-37. Orúkọ yẹn le létí, àmọ́ kò ní àdììtú: ìlẹ̀kẹ̀ 37 ló wà lórí okùn rẹ̀, méjì tó ṣáájú sì jẹ́ leucine, tí lẹ́tà rẹ̀ ń jẹ́ L. Ó tán. Àwọn kan nínú àwọn tó kù la mọ̀ sí defensin.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti àkèré. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Michael Zasloff, ń ṣiṣẹ́ abẹ fún àkèré, irú èyí tó ti ilẹ̀ Áfíríkà wá. Yóò rán ojú ọgbẹ́ wọn, yóò dá wọn padà sínú omi tó dọ̀tí, ọgbẹ́ náà ò sì ń kẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ló fà á. Inú awọ àkèré náà ló ti rí ìdáhùn, ó kéde rẹ̀ ní 1987: pẹ́ptáìdì tó sọ ní magainin, láti inú ọ̀rọ̀ Hébérù tó túmọ̀ sí asà. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá gba orí afárá Ògùnpa kọjá lálẹ́, tí mo gbọ́ tí kọ̀ǹkọ̀ ń ké nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ omi Ògùnpa mọ̀ pé ohun tó lè máa gbé ibẹ̀ tí kò kẹ̀, oògùn ń bẹ lára rẹ̀.

Báwo wá ni okùn kékeré yìí ṣe ń mọ kòkòrò yàtọ̀ sí ara oníǹkan? Ẹni tó bá ní bátìrì inverter nílé ti mọ ìdáhùn. Pósítíìfù ni púpọ̀ nínú pẹ́ptáìdì wọ̀nyí. Ojú òde sẹ́ẹ̀lì tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pósítíìfù, kò ṣe nẹ́gẹ́tíìfù. Ara bakitéríà, nẹ́gẹ́tíìfù gidi ni. Nítorí náà, okùn náà á kọjá lára tiwa, á lọ lẹ̀ mọ́ ti kòkòrò, á sì lu ú níhò.

Ibi tí ẹ̀wù ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí.

Láràárọ̀ ni mò ń rí ẹ̀wù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í rí i ní tààrà. Bí mo bá ti fi iná gbẹ nǹkan tí mo tẹ́ sórí gíláàsì, mo máa da crystal violet lé e, ìṣẹ́jú kan. Mo máa fi omi ṣàn án. Mo da áyódìn lé e, ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà acetone, ìyẹn ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ibẹ̀ ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Paríparí rẹ̀, neutral red. Hans Christian Gram, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló gbọ́n ọgbọ́n kíkùn yìí ní Berlin ní 1884. Lábẹ́ awò, àwọn kan dúró ní àwọ̀ àlùkò, àwọn kan pọ́n. Àwọn tó pọ́n yẹn, Gram nẹ́gẹ́tíìfù (orúkọ lásán ni, kì í ṣe ti bátìrì), ni wọ́n ní ẹ̀wù kan lórí awọ ara wọn: Salmonella, Klebsiella, Proteus, E. coli, kòkòrò onígbáméjì. Àwọn aláwọ̀ àlùkò ò ní in.

Ìtẹ́lẹ̀ inú ẹ̀wù náà jẹ́ ọ̀rá lásán, irú èyí tó wà lára gbogbo sẹ́ẹ̀lì. Ojú òde rẹ̀ ló ṣàjèjì. Nǹkan tí à ń pè ní LPS ni: ìdí rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, lipid A, tó gún mọ́ inú ẹ̀wù, orí rẹ̀ jẹ́ ṣúgà tó gùn jáde bí wajawaja etí aṣọ òfì. (Wajawaja ọ̀hún ni O tí wọ́n kọ sórí ìwé Widal Ìyá Ẹlẹ́kọ. Etí ẹ̀wù kòkòrò ni wọ́n fi ń dá a mọ̀.) Fosfeeti tó wà lára lipid A ló jẹ́ kí ibẹ̀ ṣe nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹ sì mọ̀ pé nẹ́gẹ́tíìfù méjì kì í fẹ́ sún mọ́ra, torí náà ẹ̀wù náà ìbá ti ya tipẹ́ bí kò bá ní bọ́tìnnì. Magnesium àti calcium ni bọ́tìnnì rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró láàárín LPS méjì, ó so wọ́n pọ̀.

Mo lè fi bọ́tìnnì yẹn hàn yín lórí tábìlì mi. Ẹ wo ìgò ẹ̀jẹ̀ olómorí àlùkò, èyí tí a fi ń ka PCV, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára. Nǹkan funfun tín-ín-rín tó wà nídìí rẹ̀, EDTA ni. Calcium ló ń já gbà nínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ inú ìgò yẹn kì í fi í dì. Ní 1965, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Loretta Leive fi EDTA kan náà bá E. coli pàdé, púpọ̀ nínú LPS rẹ̀ sì re dànù, àwọn oògùn tí kì í lè wọ inú kòkòrò yẹn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó já bọ́tìnnì, ẹ̀wù ṣí. Ogún ọdún ni mo fi ń mi ìgò yẹn lọ́wọ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ lè bọ́ṣọ lára kòkòrò.

Bí pẹ́ptáìdì ara wa náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Pósítíìfù ni, ó tóbi ju magnesium lọ, á ti bọ́tìnnì kúrò láyè, á dúró síbẹ̀, ẹ̀wù á wú, á fẹjú, okùn mìíràn á gbabẹ̀ wọlé lọ bá awọ inú. Bó bá dé ibẹ̀, kòkòrò ti kú.

Kí ló wá dé tí kì í fi í kú nígbà gbogbo?

Nítorí pé Salmonella mọ aṣọ tún rán. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì funfun wa á gbé e mì, á tì í mọ́ inú àpò kan, á da ásíìdì sí i, á dín magnesium ibẹ̀ kù, á wá rán pẹ́ptáìdì sí i. Ní tiwa, ìyà ikú nìyẹn. Àmọ́ kòkòrò náà ní ojú kan tó ń jẹ́ PhoQ, tó dúró lórí awọ inú, tó sì ń wo àlàfo tó wà láàárín awọ náà àti ẹ̀wù. Nígbà tí ara bá rọ ojú yẹn, magnesium ló ń bò ó. Bí magnesium bá ti wọ́n, tàbí tí ásíìdì dé, tàbí tí pẹ́ptáìdì ti magnesium náà dànù, ojú là. PhoQ á jí ẹnìkejì rẹ̀, PhoP, ìyẹn á sì pe àwọn télọ̀ jáde. Télọ̀ kan á gbé ṣúgà tó ń jẹ́ aminoarabinose wá, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fosfeeti, ṣúgà náà sì jẹ́ pósítíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù ibẹ̀ á rọlẹ̀. Télọ̀ mìíràn, PagP, á so ọ̀rá kan sí i mọ́ ìdí lipid A: mẹ́fà tẹ́lẹ̀, ó di méje, ẹ̀wù á ki sí i. Nígbà tí pẹ́ptáìdì tuntun bá fi máa dé, kò ní rí ibi tí yóò lẹ̀ mọ́ dáadáa. Kò tán síbẹ̀, ó tún ní ọ̀bẹ lójú ẹ̀wù, PgtE, tó ń gé okùn náà sí wẹ́wẹ́.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí n kò rí gbé mì dòní, ni pé àwa la sọ fún un. Ásíìdì wa, ebi magnesium tí a fi pa á, okùn tí a jù sí i, àwọn gan-an ló ń jí i lójú oorun. Ní 1989 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí wọ́n bá ba PhoP jẹ́ lára ìbátan táífọ́ìdì tó ń pa eku, defensin á rí i pa wẹ́rẹ́, eku á sì yè. Kòkòrò kan náà ni, àmọ́ ó ti pàdánù ọgbọ́n àti tún ẹ̀wù rán.

Àwọn kan ò tilẹ̀ ń dúró de ogun. Proteus, bí àpẹẹrẹ, ẹ̀wù tí a ti tún rán ló ń wọ̀ láti ilé. Ẹni tó bá ṣe láàbù rí mọ Proteus: bó o bá gbìn ín sórí ágà ẹlẹ́jẹ̀ (oúnjẹ kòkòrò tó dì bí jẹ́lì) nírọ̀lẹ́, kó tó di àárọ̀ ó ti rìn ká gbogbo àwo, ìgbì lé ìgbì, bí ojú omi tí a sọ òkúta sí, ó sì ń rùn bí ẹja tó bà. Ó ti bo gbogbo kòkòrò yòókù tí ò ń wá mọ́lẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀.

Onígbáméjì náà ní tirẹ̀. Irú méjì ló wà, ti àtijọ́ àti El Tor, tí wọ́n fi orúkọ ibùdó kan ní Íjíbítì pè nítorí pé ara àwọn tó ń ti Mẹ́kà bọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i níbẹ̀ ní 1905. El Tor ló bẹ̀rẹ̀ àjàkálẹ̀ keje ní Indonesia ní 1961, tó sì dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1970. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa níṣẹ́, wọ́n ní ká fi dísíìkì polymyxin B, bébà róbótó kékeré tí wọ́n rẹ sínú oògùn, ya méjèèjì sọ́tọ̀: ti àtijọ́ á kú yí dísíìkì ká, El Tor á hù dé ẹsẹ̀ rẹ̀. A há a sórí bí a ṣe ń há ìṣirò. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo kà á pé ẹ̀wù náà ni: El Tor ń so glycine mọ́ lipid A tirẹ̀, ti àtijọ́ ò mọ̀ ọ́n so. Mo pariwo nínú ọkọ̀ Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ tó jókòó tì mí sì sún sẹ́yìn.

Polymyxin yẹn, ẹ fi í sọ́kàn. Bakitéríà inú ilẹ̀ ló ń ṣe é, pẹ́ptáìdì ni òun náà, pósítíìfù, bọ́tìnnì kan náà ló ń já. Ọ̀gbà rẹ̀ ni colistin, tí àwọn dókítà ń gbé jáde nígbà tí gbogbo oògùn yòókù bá ti kùnà, nítorí ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Èmi àti colistin ní ọ̀rọ̀.

Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, ní láàbù kan tí n kò ní dárúkọ. Ìtọ̀ bàbá àgbà kan ni. Klebsiella ló hù, ó pọ́n lórí ágà MacConkey, ó ń dán, bí mo sì ṣe fi lúùpù gbé e, ó fà yọ́ọ́ bí ilá. Kò sí dísíìkì tó pa á. A ní colistin, mo gbé e sí i, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo rí òfìfo róbótó yí i ká, kékeré, ó mọ́. Inú mi dùn. Mo kọ S, ìyẹn ni pé oògùn ń pa á, mo bu ọwọ́ lù ú.

Dókítà pè lọ́jọ́ kẹta. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, dísíìkì lẹ lò ni àbí ẹ gbìn ín sínú omi?" Mo ní dísíìkì ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ síbòmíràn, R ni wọ́n kọ, oògùn ò pa á.

Colistin tóbi, kì í rìn dáadáa nínú ágà. Òfìfo tí mo rí yẹn ò lè sọ fún mi bóyá kòkòrò kú tàbí kò kú. Inú omi oúnjẹ kòkòrò ni wọ́n ti ń wò ó, a ó dín oògùn kù ní ìlọ́po méjì méjì láti kòtò dé kòtò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọn calcium àti magnesium inú omi náà. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí: bí bọ́tìnnì bá pọ̀ jù, oògùn tó dára á dà bí aláìlágbára. Mo fagi lé èsì náà, mo kọ òmíràn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé dísíìkì colistin dé iwájú mi, dúrọ́ọ̀ ló ń wọ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí lọ́sẹ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó ń sin adìẹ lọ́nà Mọ́níyà. Mo lọ gba ẹyin lọ́jọ́ Àìkú, mo bá a níbi tó ti ń da ìyẹ̀fun aláwọ̀ ọsàn sínú dọ́rọ́ọ̀mù omi àwọn adìẹ, ó ń fi igi rò ó. Mo mú ọ̀rá rẹ̀ nílẹ̀. Orúkọ oògùn mẹ́rin àti fítámì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà wọn ò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Colistin ni ìkẹrin.

"Kí ló ṣe wọ́n, Bọ̀dá mi?"

"Kò tíì ṣe wọ́n. Kó má baà ṣe wọ́n ni."

Mo jókòó sórí kéréètì, mo sọ ti jíìnì kan tó ń jẹ́ mcr-1 fún un. Ní ìparí 2015 ni wọ́n kéde rẹ̀ láti Ṣáínà, lára E. coli inú ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran ọjà àti lára àwọn aláìsàn. Ó ń so phosphoethanolamine mọ́ lipid A, ẹ̀wù yẹn náà ni, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀ ní pé orí òrùka DNA kékeré kan ló wà, tí bakitéríà kan lè gbé lé èkejì lọ́wọ́ bí ẹní yáni ní abẹ́rẹ́ télọ̀. Ṣáínà fòfin de colistin nínú oúnjẹ ẹran ní 2017. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Oxford mú E. coli tó ní mcr-1, wọ́n fi pẹ́ptáìdì tó ń wá láti ara èèyàn, adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ dán an wò. Ó fara dà á ju èyí tí kò ní in lọ. Ìyẹn ni pé, kòkòrò tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀wù rán nítorí colistin inú dọ́rọ́ọ̀mù, ó ti gbaradì de àwọn pẹ́ptáìdì kan inú ara mi àti tìrẹ, àti ti adìẹ náà pẹ̀lú.

Bọ̀dá mi rò ó títí. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo máa san owó adìẹ bí wọ́n bá kú?" N kò ní èsì, mo san owó ẹyin. Àmọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú ó fi fọ́tò ọ̀rá mìíràn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní, "Ka lẹ́yìn eléyìí fún mi, ṣé ó wà níbẹ̀?" Mo kà á. Kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ pé ọjọ́ méje nínú ìgò, nǹkan kan ò hù. Ó sì ti tó oṣù kan tí wọ́n ti lo àǹtíbáyótíìkì kẹ́yìn, mo bi wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí mo tẹ́ sórí gíláàsì ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, kó tó di alẹ́ mo ti rí ibà ẹ̀fọn nínú rẹ̀, òrùka wẹ́wẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa. Wọ́n ti lo oògùn ibà tán kí n tó ráyè jókòó tì wọ́n níbi ìkòkò ẹ̀kọ wọn. Mo ti ṣàlàyé ẹ̀wù, bọ́tìnnì àti télọ̀ títí, wọ́n ń fi ewé pọ́n ẹ̀kọ, wọ́n ń sọ "hẹn-ẹ́n, hẹn-ẹ́n".

Nígbà tí mo parí, wọ́n nu ọwọ́. Wọ́n ní, "Kòkòrò ibà tó se mí yìí ńkọ́, òun náà ń wọ irú ẹ̀wù yẹn?"

Mo ní rárá, mà, òun ò ní in.

"Kí lo wá ń fi ẹ̀wù ẹlẹ́wù dá mi dúró fún láti àárọ̀? Mélòó ni n bá ẹ dì?"

Mo ní mẹ́rin, àti mọ́ín-mọ́ín méjì.